Àyẹ̀wò Àpólò ní Àárọ̀ Ìdánwò

Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni Àpólò, àrùn ojú pípọ́n, gba ìlú Iléṣà kan. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe l'Óṣogbo, Òkè-Fíà ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi n'Iléṣà ni ọmọbìnrin mi ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò kọ́mọ́ọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo tètè wọ bọ́ọ̀sì kí n lè sìn ín débẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bí mo ṣe wọlé, mo rí i pé ojú ọmọ náà pọ́n koko.

"Màámi, ṣé Àpólò ti mú un ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí Àpólò má baà mú un ni mo ṣe kán omi iyọ̀ sí i lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í lé àrùn. Àbí o fẹ́ kí ọmọ mi jókòó sílé ni?"

Nígbà tí èmi àti ọmọ mi dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ti tò. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ti pàṣẹ pé ọmọ tó bá ní àmì Àpólò kò gbọdọ̀ wọlé. Tíṣà ọkùnrin kan ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Gọ́gù dúdú ló wọ̀, torí gbogbo wa la gbà nígbà náà pé ẹni tó bá wo ojú alápólò ti kó o nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti inú gọ́gù, kò sí ojú tó pọ́n láyé yìí. Ló bá ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé ojú rẹ pọ́n?"

"Rárá, sà."

"Wọlé."

Ọmọ kan wà tí ipin ti lẹ ojú rẹ̀ kan pa. Òun náà ní, "Rárá, sà," ó wọlé. Inú mi dùn. Bí ètò bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ti wọlé.

Àfi bí ọ̀gá àgbà ṣe yọ. "Tíṣà, ẹ bọ́ gọ́gù yẹn!"

"Mà, mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé."

"Báwo lẹ ṣe wá ń rí ojú tó pọ́n?"

"N kò rí i, mà. Ìyẹn ni ojú tèmi ò fi tíì pọ́n."

Ìyá kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wá wò wọ́n ná, mà." Ọ̀gá àgbà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kọjú sí ògiri.

Tíṣà wá dá ọgbọ́n mìíràn. Ó ní ojú alápólò kì í gbẹ, ó gbọ́dọ̀ ṣepin. Ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ lápò: ọmọ tí òun bá nu ojú rẹ̀ tí aṣọ yí àwọ̀, ilé ló ń lọ. "Ọpọlọ nìyẹn!" ni ọ̀gá àgbà wí láti ibi ògiri, ó sì ní kí wọ́n pe àwọn tó ti wọlé padà.

Ọmọ onípin ló kọ́kọ́ kàn. Wọ́n lé e sílé, ó ń sunkún lọ. Tíṣà ṣẹ́ aṣọ náà po, ó wá ibi tó ṣì mọ́ díẹ̀, ó fi nu ojú ẹni tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a bọ̀ títí tó fi kan ọmọ mi.

Ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Mo ti bi kọmíṣọ́nnà léèrè ọ̀rọ̀ tó fi làágùn nínú ọ́fíìsì tútù. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ohun tó yẹ kí n béèrè: ṣé aṣọ kan ṣoṣo yìí náà ni? Ṣùgbọ́n bí mo bá lanu, ọ̀gá àgbà yóò yíjú padà, yóò rí ojú tó pọ́n koko. Mo panu mọ́. Tíṣà nu ojú ọ̀tún, ó nu tòsì, ó gbé aṣọ náà sókè wò.

"Kò sí ipin. Wọlé."

Ó wọlé, ó ṣe ìdánwò.

Nígbà tí mo padà lọ lópin ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pa. Ìyá mi ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ó ń kábàámọ̀ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yẹ kí òun kán omi iyọ̀ yẹn. Ọmọ mi gbọ́ ohùn mi.

"Dádì, ṣé ẹ rí i nígbà tí tíṣà fi aṣọ yẹn nu ojú àwọn tó wà níwájú mi?"

"Mo rí i."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"N kò sọ̀rọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìṣirò ni mo ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa mú mi lọ tọ̀ títí ojú mi á fi là. Ẹ dìde, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Mo dìde, mo na ọwọ́ sí i.