Ọjọ́ tí Ìyá Mi Kúnlẹ̀ fún Dókítà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Okokomáíkò á ní òpùrọ́ yìí tún ti dé. Ẹ ṣáà jókòó.

Mo ti lé ní ogójì ọdún, n ò gbéyàwó. Nígbà tí ẹnu ìyá mi ò kúrò lára mi, mo jókòó tì wọ́n nílé wọn ní Igbó-Elérin, mo sọ ọ́ jáde pé ọkùnrin bíi tèmi ló ń wù mí, kò sóbìnrin tó wù mí rí. Wọn ò pariwo. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ti géètì, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ẹ lè ní kí n fo fẹ́ǹsì. Ẹ fò ó wò, kí ìyá yín máa wò yín lójú fèrèsé! Bí mo bá sì sá, wọ́n á pe àwọn ẹbí bàbá mi, àdúgbò á gbọ́, òfin ìlú yìí ò sì bá irú wa ṣeré.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi jẹ́ ní bárékè ṣọ́jà Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

"Wòlíì kọ́ ló máa tọ́jú ẹ," wọ́n ní, "ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ìjọba ni."

Wọ́n mú mi lọ sí Ibà, sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọkàn, obìnrin, àbúrò mi pátápátá lọ́jọ́ orí.

Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán. "Mà, àìsàn ni wọ́n fún mi ní láísẹ́ǹsì láti tọ́jú. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yí i padà, ńṣe ló máa ba ọmọ yín jẹ́."

"Ṣé òfin kan wà tó ní kí ẹ má ṣe é?"

"Kò sí, mà."

Ni ìyá mi bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n kúnlẹ̀ gbọnrangandan.

"Hàà! Mà, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Mi ò dìde, àfi tí ẹ bá gbà."

Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Láísẹ́ǹsì wo ló fẹ́ dúró níwájú ìyẹn? Dókítà náà ti wà lórí orúnkún tiẹ̀ náà, ó ń bẹ̀ wọ́n. Èmi aláìsàn nìkan ló kù lórí àga.

"Mo ti gbà, mà. Kí wọ́n wá láàárọ̀ ọ̀la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níta. Nínú yàrá, dókítà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, n ò ní yí nǹkan kan padà lára yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá lé yín, wọ́n á wá ẹlòmíì tó ní láísẹ́ǹsì bíi tèmi, tó máa gún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, kí màmá rò pé mò ń tọ́jú yín."

Ọ̀rọ̀ kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọkùnrin kan tó ra tẹlifíṣọ̀n lÁlàbá, tó délé tú páálí, tó bá búlọ́ọ̀kù méjì níbẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀ wá ní kó tàn án kí àwọn wòran. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

La bá gbóhùn ìyá mi níta, wọ́n ń bá obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀? Ó ti ń ṣiṣẹ́! Ẹ tètè lọ mú ọmọbìnrin tiyín tó ní obìnrin ló ń wu òun wá."

"Mò ń bọ̀, Màmá," obìnrin náà ní. Bàtà ẹ̀ ń ró lọ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu dókítà. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

"Ẹ máa bá ìtàn yín lọ," ó ní.

Mo la ẹnu, bàtà obìnrin yẹn ni mo ṣì ń gbọ́.