Ọmọlangidi Onífìlà Pupa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè ru ju akèǹgbè omi kan lọ, abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn ni à ń gbé. Ahunṣọ ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà: òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ètè ń là, ẹ̀kọ gbígbóná nínú ewé, wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá láti gàá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yọ hóró kúrò nínú òwú títí àtàǹpàkò mi yóò fi bó. Bí mo bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ìyá mi a ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, a sì gbàgbé mi síbẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi jinná.

Bàbá mi ní iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe fún títà. Ó ń gbẹ́ ọmọlangidi. Kì í ṣe irú èyí tí àwa ọmọdébìnrin ń pọ̀n o. Tirẹ̀ ní oríkèé. Ó máa ń gbẹ́ apá àti ẹsẹ̀ wọn lọ́tọ̀, a fi awọ so wọ́n pọ̀ mọ́ ara, a wá so òwú mọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò bá sí ọjà, ó máa ń ta aṣọ kan sáàárín òpó méjì lábẹ́ igi ọ̀dán, a jókòó sẹ́yìn rẹ̀, a so òwú mọ́ ìka ọwọ́ àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ahunṣọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́n bí ọwọ́. Àwa kì í rí òun rárá. Ìyàwó kan là ń rí tí ń yan, bàbá arúgbó kan tí ń sín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tí kì í gbọ́ràn. Àwa ọmọdé a máa yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn àgbà ju tiwa lọ, torí bàbá mi máa ń fi ọ̀rọ̀ tí kò yé àwa ọmọdé sí àwọn ọmọlangidi náà lẹ́nu.

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ lágbègbè wa, akódà kan, ìránṣẹ́ ìjọba, ń wá láti kó àwọn ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ àìgbowó. Adìyẹ tó bá rí lójú ọ̀nà, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀, igi ló sì fi sọ ọ́. Ó gbẹ́ ọmọlangidi kan tó yọkùn, ó dé e ní fìlà pupa bíi ti akódà. Bó bá fa òwú kan, ọwọ́ ọmọlangidi náà a yọ fìrì, a gbé adìyẹ kékeré kan mọ́ra. Ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n di òun mú.

Nígbà tí eré parí, bàbá mi jáde sí wa. Ó ní, “Ohun tí ẹ rí lábẹ́ ọ̀dán, abẹ́ ọ̀dán ni kí ẹ fi sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Gbogbo wa dáhùn pé a gbọ́. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi wà lóko, ìyá mi lọ sódò, èmi nìkan ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń yọ hóró òwú. Akódà dé pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó ru ẹrù. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi tútù fún un nínú igbá. Ó mu ún tán, ó sì fún mi ní àádùn láti inú àpò rẹ̀. Ẹni burúkú ni mo ti ń retí látọjọ́ yìí. Ẹni tó ń fún ọmọ ní àádùn ni mo rí.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́,” ó wí, ó sì nàka sí aṣọ tó wà lórí òfì. “Ta ló ń hun aṣọ tó rẹwà báyìí?”

Orí mi wú. Mo ní, “Bàbá mi ni. Kì í ṣe aṣọ nìkan o, ó gbẹ́ ẹ̀yin náà!”

Kó tó dáhùn, mo ti sáré wọ yàrá, mo gbé ọmọlangidi náà jáde, mo fa òwú rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ yọ fìrì, ó gbé adìyẹ. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀, ó sọ ẹrù sílẹ̀, ó di inú mú. Bí mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, ẹ̀rín yẹn ni akódà kò lè dárí jì. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò kọjá ètè.

“Kí lorúkọ bàbá rẹ?”

“Àkànó,” mo wí. “Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ó gba ọmọlangidi náà lọ́wọ́ mi, ó fi há abíyá, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wá mú bàbá mi nídìí òfì. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin yòókù tí wọ́n ń kó lọ a ṣe iṣẹ́ ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì padà. Ọyẹ́ kọjá, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, bàbá mi kò dé. Ìyá mi wà nínú oyún, kò lè lọ ṣẹ́gi nígbó. Ó wá ń fi àwọn ọmọlangidi sábẹ́ ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyàwó, bàbá arúgbó, ewúrẹ́. Mo jẹ nínú iṣu tí ó fi wọ́n sè. Ebi ń pa mí, ó sì dùn lẹ́nu mi. Mi ò tíì lè gbàgbé adùn yẹn.

Nígbà tí bàbá mi dé, àkísà ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òkúta ọ̀nà ti gba ìka mẹ́ta. Ó gbìyànjú láti hun aṣọ, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó di ẹni tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣọ́ ẹyẹ lóko. Aládùúgbò wa kan bi í léèrè níṣojú mi pé ta ló tú àṣírí fún akódà.

Ó ní, “Igi tí mo gbẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀.”

Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó kú kí n tó wọ ilé ọkọ, a kò sì sọ ọ́ láàárín ara wa rí.

Láyé òde òní, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà nílé ọmọ mi ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọlangidi tí ń rìn láìsí òwú. Ọmọ mi ní wọn a ya àwòrán kan, wọn a sún ọwọ́ ọmọlangidi díẹ̀, wọn a tún ya òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí. Ó ní àwọn ará Póláǹdì, ní ilẹ̀ òyìnbó, ló ṣe é. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, bàbá wọn náà ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré tán, àwọn ọ̀rọ̀ kíkọ kan ń gòkè lójú ẹ̀rọ náà. Mo béèrè ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ mi ní orúkọ àwọn tó ṣe é ni: ẹni tó gbẹ́ wọn, ẹni tó rán aṣọ wọn, ẹni tó fún wọn lóhùn.

Àwọn ọmọ ti dìde lọ jẹun. Èmi jókòó títí orúkọ fi tán. Ní ayé tiwa náà, wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo dá wọn lóhùn.