Àpótí Èlùbọ́ Tí Àwọn Àlejò Bá Lófìfo

Ẹni tí nǹkan ò bá tíì sú rí, kó lọ ṣe ohun tó wúlò, kó wá máa wá ẹni tí yóò fowó tì í lẹ́yìn. Èmi ti ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣakí, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo sì fi tún àpótí kan tò, tí mo tún un tú: àpótí onígíláàsì, páànù dúdú nínú, tí oòrùn fi ń gbẹ iṣu èlùbọ́ láàárín ọjọ́ méjì péré.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo tìtorí wọn ṣe é. Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí wọ́n ń gbé, orí àpáta ni àwọn obìnrin ń sá iṣu sí. Ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀, iyanrìn á dà sí i, bí òjò bá sì dé lójijì, gbogbo rẹ̀ á bu. Lọ́dún kan, gbogbo iṣu tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bọ̀ ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìjókòó yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Àpótí náà ṣiṣẹ́. Obìnrin mẹ́fà ló ń gbà á lò láàárín ara wọn, ẹyọ kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń wá ò ju owó tí a ó fi kan àpótí tiwọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé.

Ẹ wá wo wàhálà. Àwọn tó ń fowó ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ kó fọ́ọ̀mù tó nípọn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n pè mí lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn, wọ́n ń kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin ṣe. Wọ́n bi mí pé mélòó ni mo ti tà. Mo ní owó tí n ó fi ṣe èyí tí n ó tà ni mo wá tọrọ. Wọ́n ní àwọn kì í fowó sí ohun tí kò tíì dé ọjà. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí a ò tíì bí, wọ́n ní kó wá jẹ́ orúkọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí i bóyá àwọn obìnrin náà ń lò ó. Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí fóònù, mo ní àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo àpótí lọ́jọ́ Àlàrùbá. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, Ìnṣà Álláhù.

Nígbà tí ọkọ̀ wa dé, gíláàsì ń dán. Àwọn obìnrin ti kó gbogbo iṣu inú àpótí jáde, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun síwájú rẹ̀. Iṣu dà? Ó wà lórí àpáta, ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ewúrẹ́ méjì sì ń jẹun lórí rẹ̀. Olórí àwọn àlejò ya fọ́tò àpótí, ó ya fọ́tò àpáta, ó ń kọ̀wé. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ.

Mo fa ẹ̀gbọ́n ìyá mi sẹ́yìn ilé, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ò gbẹ̀kọ́.

"Ta ní ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri gbàlejò? Ṣé kí wọ́n lè pè wá lọ́bùn ni?"

Àwọn náà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Inú bí mi sí wọn, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi di èlùbọ́ tó ti gbẹ nínú àpótí tẹ́lẹ̀ sínú àpò kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ fún wọn.

Lẹ́tà àwọn àlejò dé. Wọ́n ní àwọn obìnrin náà ò tẹ́wọ́ gba àpótí, orí àpáta ni wọ́n ṣì ń sá iṣu, àwọn ò ní fowó sí i. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti fi àyè tiwọn nínú àpótí sílẹ̀ fún ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, orí àpáta ni òjò ti bá iṣu wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olórí àwọn àlejò pè mí. Ó kí mi, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà. Ó ní ìyàwó òun ò jẹ irú èlùbọ́ yẹn rí, kò sí iyanrìn kankan nínú rẹ̀. Ṣé a lè bá òun wá àpò méjì sí i?

Mo ní, "Kò sí, ọ̀gá. Orí àpáta tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ló wà. Ó ti bu."