Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Àgbà

Taka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán ni Tofajjal jẹ Lutfor télọ̀. Kò sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó lè dá a lẹ́bi lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò ó, ìṣirò Tofajjal kì í sì í yẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò ní yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀, ní yunifásítì kan ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń ná taka. Kì í ṣe ẹnjiníà. Òun ló ń tọ́jú ẹrù, òun ló ń jó wáyà pọ̀, òun ló sì ń ra gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá ń ta bátìrì ní taka ọgọ́rùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, Tofajjal á fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń tà á ní àádọ́rùn-ún, á sì mú rìsíìtì bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahfuza, obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, a máa sọ fún àlejò pé, "Bí kì í bá ṣe Tofajjal, à bá ti kógbá sílé."

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kò tóbi ju abọ́ ìjẹun lọ. Àwòrán ló wà lára bọ́tìnnì rẹ̀: èèyàn á tẹ àwòrán ife, ohùn ọkùnrin kan á sì ní kí wọ́n bu omi wá. Ohùn Nironjon ni, bàbá arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe eré orí rédíò. Taka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń san fún un lórí gbólóhùn kan.

Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n èdè Bangla dà bíi tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí, èèyàn kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní láti di méjì, ti "ìwọ" àti ti "ẹ̀yin". Tofajjal mú bírò, ó fa igi lé gbogbo ti "ẹ̀yin" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ìdí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Mirpur ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún lẹ́rọ, ọmọdé ibẹ̀ a sì máa pe ìyá rẹ̀ ní "ìwọ" láìsí ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́rùn-ún taka ṣe dúró sápò.

Rehena, ẹnjiníà tó ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, wo ìwé náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, bí àgbàlagbà bá fẹ́ lò ó ńkọ́?"

"Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tó wá rí ọ̀rọ̀ sọ, ṣé ó tún máa ṣa ọ̀rọ̀ ni? Kó dúpẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sára ògiri."

"Bírò wọ́n," ni Tofajjal wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan kọjá, wàhálà kankan ò sí. Ìgbà náà ni ilé ìwòsàn kan fi Lutfor ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Sekandar. Ewé paan àti tábà tó ń rún lẹ́nu láti kékeré ló ba ahọ́n rẹ̀ jẹ́, àwọn dókítà sì gé e kúrò kí jẹjẹrẹ má bàa mú un lọ. Kò mọ̀wé àfi nọ́ńbà tó fi ń wọn aṣọ. Tofajjal ló kọ́ ọ ní ẹ̀rọ náà, bọ́tìnnì kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó tó àkókò láti fi han ìyàwó rẹ̀, Moyna, Lutfor ronú díẹ̀, ó tẹ ọ̀kan. "Ebi ń pa mí."

Moyna bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Oṣù mẹ́fà tí mi ò gbóhùn ẹ, oúnjẹ lo tún fi bẹ̀rẹ̀."

Nítorí ẹ̀rọ yẹn ni Àlàájì ṣe gbà á padà síṣẹ́.

Kò pé oṣù méjì tí Moyna fi tún dé, ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tọ́ nǹkan yìí dàgbà?"

"Kí ló ṣe?"

Lutfor tẹ bọ́tìnnì. "Gbé apá rẹ sókè," ni ohùn Nironjon wí, ohùn ọba inú eré. Ó tẹ òmíràn. "Yíjú padà."

"Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wọn ẹ̀wù fún," ni Moyna wí, "irùngbọ̀n ẹ̀ funfun báláú. Ọkọ mi ní 'Gbé apá rẹ sókè.' Bàbá gbé e lóòótọ́. Etí ọkọ mi ló fẹ́ gbé e sí."

Rehena fọwọ́ bo ẹnu. Lutfor kò rẹ́rìn-ín.

"Ó di ọjọ́ owó oṣù, ẹ̀rọ sọ fún Àlàájì níwájú oníbàárà pé, 'Mú owó mi wá.' Àlàájì ní iṣẹ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ti ń bọ̀, àwọn èèyàn ńlá ló ń ránṣọ nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá lòun fún un. Bí kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kó máa lọ sílé."

Tofajjal gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahfuza. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò sówó títí di Júláì tí owó ọdún tuntun máa wọlé, kí Tofajjal kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ dìgbà náà. Febuárì ni wọ́n wà. Tofajjal mọ bírò ẹni tó fa igi yẹn, ó pinnu pé àpò ara òun lòun ó ti san án. Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́rùn-ún náà nílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ká ní ó san án lọ́jọ́ náà, ọjọ́ márùn-ún ni iṣẹ́ ì bá gbà: mẹ́ta láti gba ohùn, méjì láti gé e. Ọjọ́ márùn-ún ì bá ṣẹ́kù.

Ó lọ bá Nironjon.

"Bàbá, taka mẹ́jọ."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ san níjọ́sí."

"Owó ìjọba nìyẹn. Àpò tèmi lèyí."

"Ohùn tèmi náà sì lèyí."

Tofajjal dìde, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà bí èèyàn ṣe ń ṣe lọ́jà, ó ń retí kí wọ́n pè é padà. Nironjon kò pè é. Ní ọjọ́ kẹta ó padà lọ, ó ní mẹ́sàn-án. Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹja ni mò ń tà, tí ẹ fi ń retí kí ilẹ̀ ṣú?"

Rehena sọ fún un ní ọjọ́ karùn-ún pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ń lọ o."

"Ọjọ́ ò ná mi ní nǹkan kan," ni Tofajjal wí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Nironjon ránṣẹ́ sí i. Awò ojú rẹ̀ ti fọ́, kò lè kàwé mọ́, ó sì nílò owó. Wọ́n fi í sí taka mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé irinwó ni gbogbo rẹ̀, Tofajjal sì gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán tó ṣẹ́kù padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá náà gba díẹ̀ nínú owó náà ra awò tuntun, ó fi ọjọ́ mẹ́ta kà á, Rehena fi méjì gé e. Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n parí.

Tofajjal mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ Lutfor.

"Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo dá," ni Àlàájì wí, "mo sì fi ọ̀kan jìn ín. Mo ti san àsansílẹ̀ fún èyí. Ta tiẹ̀ ni yín?"

"Èmi ni mo mú ẹ̀rọ yẹn wá fún un."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ló yẹ kí n lé, ẹ ò sì bá mi ṣiṣẹ́."

Ó bá Lutfor nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bó ọ̀dùnkún. Moyna ń múra àtilọ fọṣọ fún àwọn èèyàn. Tofajjal fi ohùn tuntun sínú ẹ̀rọ, ó sì fi hàn án: ìlà òkè, ti àgbà, ìlà ìsàlẹ̀, ti ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá yín sókè," ni Nironjon wí nínú yàrá kékeré náà. Kò sí oníbàárà níbẹ̀ tó máa gbé apá.

Tofajjal ka taka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ gbà á." Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún ju Lutfor lọ, òun ló sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Owó kí ni?" Moyna bi í.

"Owó tó ṣẹ́kù nígbà tí mo bá ẹni tó ka ohùn dúnàádúrà."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi dúnàádúrà?"

"Mẹ́jọ."

Moyna fi ìka ka ọjọ́ náà, ó kà á títí dé ọjọ́ tí Àlàájì lé ọkọ rẹ̀. Lutfor nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ti owó náà padà sọ́dọ̀ Tofajjal, ó fa ẹ̀rọ mọ́ra. Ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà òkè, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"O ṣeun."

Ní Júláì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahfuza sọ fún àwọn àlejò pé ẹ̀rọ àwọn ti mọ àgbà báyìí, àti pé Tofajjal ló já owó ohùn wálẹ̀ láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́wàá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kó mú rìsíìtì wá kí wọ́n lè san owó rẹ̀ padà. Tofajjal ní ó ti sọnù, òun tí rìsíìtì kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán náà wà nínú àpòòwé láàrin àwọn bátìrì. Kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé kankan.