Àkàrà Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Aláàwẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá. Kì í ṣe pé mo gbààwẹ̀ o! Ọmọ ìjọ ni mí, ará Ọ̀mù-Àrán. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Ìlọrin.

Àbúrò mi ọkùnrin ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nílé. Ó pa ọ̀kan, ó yọ́ ọ̀rá rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú ike, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n fi dín àkàrà wò, pé màá padà wá dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dán an wò. Ẹ̀yin ará! Ẹ̀yìn àkàrà ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́. Orí ìdúró ni mo ti jẹ mẹ́rin. Ṣé èèyàn máa ń ráyè jókòó jẹ irú ìyẹn ni?

Mo wọlé lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, àkàrà ti dín kù. Mo bi ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bóyá òun ló jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun bu díẹ̀ sínú abọ́ Alájà, òun sì ti gbé e fún wọn.

Alájà ni ìyá onílé wa. Abọ́ yẹn ni wọ́n fi gbé wàrà díndín fún wa lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sì mọ̀ pé a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Ọkọ mi ṣe bí ọmọlúàbí, àmọ́ kò mọ irú ọ̀rá tí mo fi dín in!

Àyà mi já. Obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọn yóò fi ṣínu nítorí tèmi? Ta ni yóò gbà pé a ò mọ̀ọ́mọ̀? Ibi tí mo ti ń rò ó ni ládàánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Màgàríbì.

Mo sáré lọ bá wọn! Táwẹ̀lì lórí, bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Alájà jókòó sórí ẹní, wọ́n ti jẹ dàbínù, wọ́n wá mú àkàrà, ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu. Kò sáyè àlàyé. Kí ni mo ṣe? Mo já a gbà, mo sọ ọ́ sẹ́nu ara mi! Mo tún gbé abọ́ mọ́ àyà.

Alájà wò mí títí. "Ìyá Tolú, ṣé èmi ni mo gbààwẹ̀ ni, àbí ìwọ?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbé àkàrà mì, mo jẹ́wọ́. Ojú tì mí débi pé omijé ń bọ́. Alájà ní "Àlùhámúdùlíláì", ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n ní ká ní mo dúró kí wọn dáadáa ni, àwọn ì bá ti gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ kíṣìnì mi pẹ̀lú páànù tuntun àti òróró ẹ̀pà. "Tèmi rèé. Ẹlẹ́dẹ̀ àbúrò rẹ ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ó yá, dín tèmi, mo ṣì ń retí àkàrà."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn máa sọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ fáwọn ará ilé. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti já gbà lẹ́nu ẹlòmíì rí? Ẹ má fi mí nìkan sínú ìtìjú yìí o!