Ife Mílíìkì Níwájú Àlejò

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní ilẹ̀ Okun, ọmọ tó bá ń wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu yóò jẹ ìgbátí. Ìyá mi kì í bá wa sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Ojú ló fi ń sọ ọ́, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi, tí kò tíì tó iléèwé lọ, jókòó ti ife mílíìkì níwájú àlejò bàbá rẹ̀, tí kò fọwọ́ kàn án. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó rọra gbé ife náà tọ̀ mí wá nílé ìdáná, ó sì dà á padà sínú ìkòkò tí mo ti bù ú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Àsìkò tí ìjọba ń kó òṣìṣẹ́ wá sí Àbújá díẹ̀díẹ̀ ni. Kúbwà là ń gbé, Gàríkì ni mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, mo sì gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kí n lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi kan wà ládùúgbò wa tí ìjọba ń fi oúnjẹ ràn lọ́wọ́: mílíìkì, ẹyin, ẹ̀wà, òróró. Ọmọ ìlú mi ni obìnrin tó ń bójú tó o. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń pè é, kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Òun ló ń wẹ ọmọ náà fún mi nígbà tí mo bí i, torí ìyá mi ò lè tètè wá láti ilé. Ta ni ǹ bá tún fọkàn tán jù ú lọ?

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń gbẹ. Irun rẹ̀ pọ́n, ó sì fẹ́lẹ́, ikùn rẹ̀ yọ síta. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló ń jẹ lọ́sàn-án, mo gbórí sókè, mo ní mílíìkì, ẹyin, ẹ̀wà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Ó ní tí ara ọmọ náà bá ń bá a lọ báyìí, ó lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, “Àbúrò mi, aràn ni. Ra oògùn aràn fún un. Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ ni, ọmọ rẹ ni mo kọ́kọ́ ń bù fún.”

Mo ra oògùn aràn. Ọmọ náà tún gbẹ sí i.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ ní ọ́fíìsì, ọ̀gá wa sì ní ká máa lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo gbà lọ tààrà. Mọ́tò ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wá yẹ ibẹ̀ wò sì wà nínú yàrá. N kò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọ jókòó, ife mílíìkì àti ẹyin níwájú oníkálukú, gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn. Ọkàn mi balẹ̀. Ó wù mí kí nọ́ọ̀sì yẹn wà níbẹ̀ kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn àlejò yin àwọn ọmọ, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n tò, wọ́n ń da mílíìkì padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹyin wọ inú agbọ̀n. Ọmọ mi ló ṣáájú. Kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀; ó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bu ògì fún wọn, ògì tó ṣàn tí ènìyàn lè fi fọwọ́.

N kò mọ bí mo ṣe dénú yàrá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mílíìkì ọmọ mi dà?”

Ojú ò tì í. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, “Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o rò pé lódindi ló ń dé ọ̀dọ̀ mi ni? Àwọn ọ̀gá ti mú tiwọn, èmi náà á sì jẹun. Àbí o fẹ́ ba orúkọ ìlú wa jẹ́ lójú àwọn ẹ̀yà yòókù?”

Orúkọ ìlú wa ló ń rò. Ọwọ́ tó wẹ ọmọ mi ni ọwọ́ tó ń gba ife lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Mo pọn ọmọ mi, mo jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo pàdé ìyàwó bíríkìlà kan, ará Ọ̀yọ́, tó wá mú ọmọ tirẹ̀. Obìnrin yìí kì í kí mi kó yá mọ́ mi, n kò sì mọ ohun tí mo fi ṣe é. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un, omi ń bọ́ lójú mi.

Ó ní, “A ti mọ̀ tipẹ́. Níbo la máa gbé àwọn ọmọ wa lọ?”

Mo ní kí ló wá dé tí ẹnì kankan ò fi sọ fún mi.

Ó yí sẹ́yìn mi, ó wo ọmọ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wá rọ̀.

“Ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n yín ni. A rò pé ọmọ tiyín ló ń mu tiwa.”