Àtàǹpàkò Bàbá Wa Lábẹ́ Àyọkà

Nígbà tí èmi wà ní kékeré ní Òkè-Onígbìn, ọmọ kì í kàwé kó gbé e pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ohun tí o bá kà nílé ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá kà á sókè nílé kí àgbà gbọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó kàwé lágbègbè wa láyé ìgbà náà, ẹ ó rántí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé irọ́ la ń pa.

Tíṣà tó kọ́ wa ní ìwé mẹ́fà ló dá a sílẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ìlà áyọ́ọ̀nù ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, kì í sì í jókòó sórí àga kó tó nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Láràárọ̀ Jímọ̀, yóò kọ àyọkà kúkúrú kan sójú pátákó, yóò sì to ìbéèrè márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àkàyé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń dun ìlú ló máa ń kọ: baálé ilé tó ń mutí, òbí tó fẹ́ fi ọmọ tí kò tíì bàlágà fọ́kọ, ìyàwó méjì tí kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. “Ọkùnrin kan wà” ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ṣọ́ọ̀kì tó dé ìlà kẹta, gbogbo kíláàsì á ti mọ ilé tí ọkùnrin náà wà, a ó sì ti yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan wà láàárín wa tó máa ń bẹ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ pé kí òun má lọ sílé ìwé, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ̀ ti mutí lójú pátákó.

Òfin Tíṣà kò ju ẹyọ kan lọ: inú àyọkà ni ìdáhùn wà, kò sí ní àdúgbò yín. Mo kúnlẹ̀ lórí òfin yìí rí. Àyọkà ọjọ́ náà sọ nípa obìnrin kan tó ń da pàǹtí sódò, Tíṣà sì bi wá pé kí ló fà á. Ìdáhùn tó ń wá ni pé obìnrin náà kò mọ̀ pé àìsàn wà nínú omi tó dọ̀tí. Èmi kọ ọ́ pé ìjà ló bá aládùúgbò rẹ̀ jà, tí ìyẹn kò sì jẹ́ kó da nǹkan sórí ààtàn mọ́. Òótọ́ ni. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe jà. Tíṣà ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè títí aago fi lù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ojú rí àti ohun tí ìwé wí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gba máàkì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá mi kì í lọ sóko. Bó bá ti mọ́sálásí dé, tó jẹ iyán rẹ̀ tán, yóò jókòó sórí ẹní níwájú ilé, yóò fẹ̀yìn ti òpó, yóò sì pe àwa méjèèjì. Ràfíù, ọmọ ìyálé, àti èmi, ọmọ ìyàwó kejì, la jọ wà ní kíláàsì kan náà. Oṣù mẹ́ta ni Ràfíù fi ṣàgbà mi. Oṣù mẹ́ta yẹn náà ló fi ń rán mi níṣẹ́ títí dòní. Bí èmi bá kàwé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá kàn kò gbọ́dọ̀ lanu, nítorí Bàbá kò fẹ́ kí ẹnu méjì máa sọ̀rọ̀ sí òun létí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá kò mọ ìwé Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ í gbọ́. Yóò máa bá àyọkà jiyàn. Yóò bèèrè pé ọmọ ta ni ọkùnrin yìí, pé kí ló dé tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò pè é jókòó. Bí a bá kà á tán, tí a ka ìdáhùn wa, ìyá mi yóò gbé ìkòkò tí èédú ìdáná bo ìdí rẹ̀ wá, Bàbá yóò fi àtàǹpàkò ra ìdí rẹ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sí ìwé àwa méjèèjì. Ẹ̀rí tí Tíṣà ń wá lọ́jọ́ Ajé nìyẹn pé àgbà ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, Bàbá á nu ọwọ́ sára òpó. Ìyá mi ráhùn títí ó fi sú u. Òpó ilé wa dúdú ju ti ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò, ìwé mi sì ń rùn bí ẹja tí wọ́n yan.

Mi ò ní parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ẹnu mi nìkan ni Bàbá ń wò.

Lọ́dún tí a fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà, apá àti ẹsẹ̀ òsì Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, kú mọ́ wọn lára. Èmi ni mo ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ̀, èmi ni mo ń ro ògì, èmi ni mo ń yí wọn padà lórí ẹní kí ara wọn má baà bó. Mi ò bínú sí wọn. Wàrà díndín tí Fúlàní bá tà fún wọn, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún wọn pa ìdajì mọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìdánwò dé, tí èmi àti Ràfíù jọ yege láti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ọ̀mù-Àrán, Bàbá ní kí Ràfíù máa lọ. Ó ní Àdùkẹ́ yóò jókòó ti Ìyá Àgbà. Èmi ni Àdùkẹ́.

Tíṣà gbọ́. Láti ilé ìwé dé ilé wa, o kò ní jẹ ọsàn kan tán lọ́nà. Ì bá wá. Ì bá jókòó sórí ẹní, kó bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin, nítorí Bàbá bọ̀wọ̀ fún un. Kò wá. Àyọkà ló kọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ohun tó wà lójú pátákó nìyí:

“Ọkùnrin kan wà tó ní ọmọ méjì nínú kíláàsì kan náà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn méjèèjì yege. Ìyá ọkùnrin náà ń ṣàìsàn, ó sì pinnu pé ọmọbìnrin ni yóò fi ìwé sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Bàbá yìí ṣe àṣìṣe. Ilé rẹ̀ kún fún àgbà. Bí olúkúlùkù wọn bá mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, aláìsàn yóò rí ìtọ́jú, ọmọ kankan kò sì ní pàdánù ìwé.”

Ìbéèrè karùn-ún ní: bí ìwọ bá jẹ́ ìbátan ọkùnrin yìí, kí ni ìwọ yóò sọ fún un?

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ láì fo àmì kan, mo sì kọ ìdáhùn mi. Ọ̀nà ilé kò tán bọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí Ràfíù ló kàn láti kàwé.

Ó kà á dáadáa dé ibi tí ọkùnrin náà ti pinnu. Lẹ́yìn náà ló kà á pé, “Bàbá yìí ṣe ohun tó tọ́.” Kò tilẹ̀ kọsẹ̀. Ó fo ìyókù, ó bọ́ sórí àwọn ìbéèrè, ó sì dáhùn karùn-ún pé òun yóò sọ fún ọkùnrin náà pé kó má wẹ̀yìn.

Bàbá gbé ẹ̀yìn kúrò lára òpó. “Ìwé gan-an ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ara Bàbá balẹ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ó ra ìdí ìkòkò, ó tẹ ìwé Ràfíù, ó sì tẹ ìwé mi, lábẹ́ àyọkà tó ní ó ṣe àṣìṣe. Èmi wà níbẹ̀, mo fi orúnkún kan ilẹ̀, mo ń wo àtàǹpàkò náà. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í purọ́ lójú àbúrò, ẹni tí kò kàn kì í lanu, ọmọ ìyàwó kejì kì í já ọmọ ìyálé nírọ́ níwájú bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Àwọn àgbà kan náà ló ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn kò sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ni ká ṣe.

Nírọ̀lẹ́, mo ká Ràfíù mọ́ ibi tó ti ń ta òkòtó. Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní bí Bàbá bá yí èrò rẹ̀ padà, ta ló mọ̀ bóyá òun Ràfíù ni yóò ní kó jókòó ti Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà wo èédú tó wà lójú ìwé mi, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá yín ti gbọ́, wọ́n sì ti tẹ̀ka. Ó tán lọ́wọ́ mi.” Ó fún mi ní márùn-ún nínú márùn-ún. Ọgbọ́n inú ṣọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ràfíù lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Èmi yí Ìyá Àgbà padà fún ọdún mẹ́rin, mo ń ka àwọn ìwé tí Ràfíù kò fẹ́ mọ́ nígbà tó bá wá lo ọlidé. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú ni mo tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, wọ́n sì ń pè mí ní Màmá Ẹgbẹ́. Mo kọ́ni ní àkàyé ní ìlú Bàbáńlá àti ní ìlú méjì mìíràn títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo di tíṣà, mo mú ìwé náà wá sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Bàbá ti darúgbó. Mo kà á fún un bí Tíṣà ṣe kọ ọ́. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Ó ní, “Bí ẹ ṣe kà á fún mi kọ́ nìyí.” Ó wá bi mí pé, “Ìwọ tó o mọ̀ ńkọ́, Àdùkẹ́, ẹnu rẹ dà?”

Ó dìde, ó wọlé. A kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, inú a máa bí mi bí ẹni pé àná ni. Ẹni tó kà á ní irọ́ jókòó sí sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó kọ ọ́ sá sẹ́yìn pátákó, èmi ni wọ́n ń bi léèrè ẹnu.

Ràfíù ti di Àlàájì báyìí. Bí ẹbí bá pé jọ, ó fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwé òun ni mo fi di tíṣà. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó padà wá sílé Bàbá, mo sì máa ń lọ kí i. Lóṣù tó kọjá, mo bá Àmínà, ọmọ ọmọ rẹ̀, níwájú ilé, ó ń múra ìdánwò lórí fóònù. Àkàyé ló ń ṣe. Àwọn àyọkà náà dára: oògùn olóró, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu jìbìtì, àwọn ajínigbé, fífi ọmọbìnrin sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ka àyọkà kankan. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ wò, ó wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù ní ó gbà á, ó kọjá. Mo bi í pé kí ni ọmọbìnrin inú àyọkà náà ṣe. Ó ní, “Màmá, wọn ò bi wá ní ìyẹn.”

Ó sú mi. Mo yọ ìwé mi nínú báàgì, èyí tí mo ti ń gbé lọ sí ilé yẹn láti ìgbà tí Ràfíù padà wálé láì lè mú un jáde. Mo ní kí Àmínà kà á sókè kí bàbá rẹ̀ àgbà, tó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ràfíù kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó kan ibi tí àwọn méjèèjì yege, ẹ̀rín náà tán. Ọmọ náà ka “Bàbá yìí ṣe àṣìṣe,” ó ṣí ojú ewé, ó rí èédú, ó dúró. Ó bi mí pé ìdọ̀tí wo nìyí. Mo ní àtàǹpàkò bàbá wa ni.

Kí n tó ní kó máa bá a lọ, Ràfíù ti gbà á sọ lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ tí kò ríran dojú kọ òpó.

“Ilé rẹ̀ kún fún àgbà,” ó ní. “Bí olúkúlùkù wọn bá mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, aláìsàn yóò rí ìtọ́jú, ọmọ kankan kò sì ní pàdánù ìwé.”

Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ibi tí kò kà fún Bàbá ló mọ̀ sórí láti ọjọ́ náà. Àmínà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un láti ìgbà èwe mi. Mo gba ìwé mi, mo pa á dé.

Láyé tiwa, ẹni tí kò mọ̀wé là ń kàwé fún, a sì lè fi ẹnu wa ṣe é ní ibi. Láyé tiwọn, kò sí ẹni tó ń kàwé fún ẹnikẹ́ni. Fóònù ń fún wọn ní máàkì kí wọ́n tó mí èémí kan. Máàkì tèmi tòótọ́ gbà ju ọgọ́ta ọdún lọ kó tó jáde, ẹnu Ràfíù ni mo sì ti gbọ́ ọ.